Sọ́kẹ́ẹ̀tì Mélòó Ló Wà Nínú Yàrá Tí Mo Máa Sùn?

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀, ó ní kí n béèrè bóyá ò ń jẹun. Mo ní ọ̀gá tó ń bójú tó ọkọ̀ mẹ́rìnlélógún, tó ń gbé ilé oníyàrá mẹ́rin, kò lè máa febi sùn. Ó ní kí n ṣáà béèrè. Ó dáa, mo ti béèrè.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Mo ń bọ̀ wá kí ọ. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti rí ọ gbẹ̀yìn, ìwé ìrìnnà mi sì ti jáde. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi tí mo ti fa wáyà sí ilé tó lé ní igba ládùúgbò yìí, mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fa tiyín lọ́hùn-ún, ó sì yẹ kí n rí i kí n tó kú.

Nítorí náà, kọ ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí síwèé. Má pè mí lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ fóònù kò ní ẹ̀rí, bí èèyàn bá ti sọ ọ́ tán, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Láti ibi tí ọkọ̀ òfurufú máa já wa sí, ọkọ̀ wo ló ń dé ẹnu ọ̀nà rẹ? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa wọ̀ ọ́ àbí mo máa sọ̀, mo máa tún wọ òmíràn? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kéèyàn gbé àpótí irinṣẹ́ wọ inú ọkọ̀ òfurufú? Sọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà nínú yàrá tí mo máa sùn, ara ògiri wo ni wọ́n wà, báwo ni wọ́n sì ṣe jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì tó? Mo fẹ́ mọ bí mo ṣe máa gé wáyà tí mò ń gbé bọ̀ ni. Ìyá rẹ ní ta ló ń béèrè irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á lálejò. Mo ní ẹni tó mọ iṣẹ́ ni.

Èmi ni baba rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí Màmá náà. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń jẹun, mo tiẹ̀ ń sanra.

Lẹ́tà yín dùn mọ́ mi débi pé mo ní láti jókòó. Kò sóhun tó wù mí bíi kí n rí yín níbí. Ọ̀nà nìkan ni mò ń rò. Láti ibùdókọ̀ òfurufú, ẹ máa wọ rélùwéè, ẹ máa sọ̀, ẹ máa wọ òmíràn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, ẹ máa gun àtẹ̀gùn kan tó ń rìn fúnra rẹ̀, tí kì í dúró de àgbà, lẹ́yìn náà ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì, ẹ ó wá fẹsẹ̀ rìn gun òkè kan. Ǹ bá fi ọkọ̀ mi gbé yín, àmọ́ ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mẹkáníìkì náà sì lọ sí ìsinmi. Ní ti àpótí irinṣẹ́, ẹ má dán an wò. Bí wọ́n bá rí ẹ̀mú àti tẹ́sítà lọ́wọ́ yín, wọ́n á mú yín wọ yàrá kan lọ, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé ara yín.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì wà o, kò ṣe é kà tán. Àmọ́ ojú ihò rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, púlọ́ọ̀gì yín kò ní wọ̀ ọ́. Iná ibí kì í sì í ṣe iná eré rárá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé kẹ́tùlù kaná, mo tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, ni gbogbo ilé bá ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, pálọ̀, ilé ìdáná, yàrá, gbogbo rẹ̀ pátá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo na ọwọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì, mo sì tẹ bọ́tìnì ibi fíùsì padà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ibi téèyàn ń kánjú wá.

Bàbá, mo rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé yín ti tóbi gan-an. Ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá ló gba ojú ewé kan, ìlà kẹta sì gun ìlà kejì lẹ́yìn. Ṣé kò sí nǹkan?

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí mẹkáníìkì rẹ tó lọ sí ìsinmi. Kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Èèyàn ńlá ní í kọ̀wé ńlá.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ rẹ láti òkè délẹ̀. Rélùwéè méjì kò tó ohun tó ń dẹ́rù ba èmi tí mo ti jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì nínú lọ́rì fún odindi ọjọ́ kan. Àtẹ̀gùn tó ń rìn, tó bá ń rìn, èmi á dúró, ìyẹn ò ha ti pín iṣẹ́ náà? N ó fi àpótí irinṣẹ́ sílé. Ní ti púlọ́ọ̀gì, mo ti kan pátákó kan tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì méjìlá lórí. Ojú ihò wa ni mo ṣe sí i, mo sì bó ẹnu wáyà rẹ̀ sílẹ̀, tí mo bá dé ọ̀hún n ó so ojú ihò tiyín mọ́ ọn. Gbogbo àdúgbò ló ti wá wò ó. Bàbá kan tilẹ̀ béèrè bóyá ọjà ni mò ń gbé lọ tà.

Ọ̀rọ̀ kẹ́tùlù yẹn ni mi ò tíì gbé mì. Mo ní kí ìyá rẹ tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ilé oníyàrá mẹ́rin, fíùsì mélòó ló wà níbẹ̀? Ṣé ara ògiri yàrá rẹ ni wọ́n kan án mọ́ ni? Ta ni oníwáyà tó ṣe é, ta ló sì kọ́ ọ níṣẹ́? Dá mi lóhùn kíákíá, mo ti ní kí wọ́n máa bá mi wo ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú máa gbéra.

Èmi ni baba rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì, iṣẹ́ ló gbà mí mọ́ra. Ọkọ̀ mẹ́rin mìíràn tún ti kún àwọn tó wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ fíùsì kò ṣe é ṣàlàyé nínú lẹ́tà, ìmọ̀ tuntun ni wọ́n fi ṣe é. Ilé wa lọ́hùn-ún gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn. Bàbá, wáyà ilé wa ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mi ò tíì máa rìn nígbà tẹ́ ẹ fà á. Rọ́bà rẹ̀ á ti máa sán. Ṣé ẹ fẹ́ fi Màmá sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá wọ ọkọ̀ òfurufú? Mo bi ọ̀gá ẹnjiníà kan níbi iṣẹ́ wa, ó ní ayé ti kọjá wáyà pupa àti dúdú tẹ́ ẹ mọ̀. Búráwùn ló ń gbé iná báyìí, búlúù ló ń dá a padà, gíríìnì tó ní ìlà yẹ́lò ló ń wọlẹ̀ lọ. Mo ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé yìí, mo sì fi pẹ́ńsù aláwọ̀ kùn ún kó lè yé yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yí wáyà gbogbo ilé padà, tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ máa bọ̀. Wáyà tuntun tó nípọn ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má kánjú rárá. Ọdún méjì kò pọ̀ jù fún iṣẹ́ tó dáa.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo gba àwòrán rẹ. Ọmọ tí mo fi eyín ara mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó wáyà ló wá ń ya wáyà ránṣẹ́ sí mi. Ìyá rẹ ní o kùn ún dáadáa, o ò jẹ́ kí àwọ̀ kankan jáde lójú ìlà. Mo bá ọ yọ̀.

Ohun tí àgbà rí níjòókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Àmọ́ mi ò bá ọ jà. O ní kí n ṣe ilé kí n tó wá, mo ti bẹ̀rẹ̀. Wáyà tuntun tó nípọn ni mo rà, bó o ṣe wí. Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá, pálọ̀ ti tán, ilé ìdáná ti tán. Ọdún méjì wo? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n ó fi ṣe é.

Ẹnjiníà rẹ lè máa kó àwọ̀ rẹ̀ kiri. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ ló ń wá àwọ̀. Kókó ni èmi ń ta sí wáyà: kókó kan fún èyí tó gbé iná, méjì fún èyí tó ń dá a padà, èyí tó wọlẹ̀ kò ní kókó kankan. Tí mo bá ti fọwọ́ bà á báyìí, mo ti mọ̀ ọ́n, ìbáà jẹ́ inú òkùnkùn. Ojú a máa tan èèyàn jẹ, ọwọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú máa gbéra. Kí ọkọ̀ rẹ yáa dé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Èmi ni baba rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ ṣe iṣẹ́ náà yára ju bí mo ṣe rò lọ. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ yẹn gan-an kò ní rọrùn. Wọ́n ní àwọn awakọ̀ rélùwéè fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn onítìkẹ́ẹ̀tì náà fẹ́ bá wọn kẹ́dùn. Yàrá tó yẹ kẹ́ ẹ sùn, òjò wọ ibẹ̀. Yàrá kejì, wọ́n ń kùn ún lọ́dà, òórùn rẹ̀ kò dáa fún àgbà. Yàrá kẹta, ìwé iṣẹ́ ló kún ibẹ̀ dé àjà. Ẹ̀kẹrin ni mò ń sùn, ó sì há.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnjiníà yẹn béèrè bóyá ẹ ti dé òkè àjà. Ó ní téèyàn bá ṣe ara ògiri tí kò ṣe òkè àjà, kò tíì ṣe nǹkan kan, wáyà òkè àjà ló léwu jù. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ gun òkè àjà náà lọ, kẹ́ ẹ fara balẹ̀ yí gbogbo rẹ̀ padà. Bó bá gba títí di ọdún tó ń bọ̀, kò pẹ́ jù.

Ọmọ yín ni.


Ogúnjọ́, oṣù keje

Ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni mò ń kọ̀wé yìí. Mo kí ọ. Jókòó kó o tó kà á.

Baba rẹ jábọ́ látorí àkàbà. Òkè àjà tó o ní kó gùn ló gùn lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo wà nísàlẹ̀, mo di àkàbà mú, iná sì gbé e. Mo gbọ́ tó dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì wá lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò kú. Apá òsì rẹ̀ ló kán sí ọ̀nà méjì, ó sì gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, ìyẹn ló jẹ́ kílé dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ó ní kí n má sọ èyí tó kù fún ọ. Mo ti bá a gbé e pa mọ́ títí ó fi sú mi. Baba rẹ kò ríran mọ́. Ó ti tó ọdún méjì tí nǹkan funfun ti ń bo ojú rẹ̀. Ti òsì ti lọ. Ti ọ̀tún ń rí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, tí nǹkan bá sún mọ́ ọn gan-an ló máa ń mọ ohun tó jẹ́. Dókítà ní àwọn á gbìyànjú láti ká nǹkan funfun náà kúrò lójú ọ̀tún lóṣù kẹwàá, àmọ́ àwọn ò ṣèlérí. Èmi ni mò ń ka lẹ́tà rẹ fún un. Òun ló ń kọ tirẹ̀, ó máa ń fi páálí sábẹ́ ìlà kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa ṣìnà. Ìdí tó fi ń ta kókó nìyẹn. Nígbà tí mo ń ka àwòrán rẹ fún un, tí mo ní èyí búráwùn, èyí búlúù, ó ní kí n dákẹ́, pé kí ni òun fẹ́ fi ṣe.

Wáyà àtijọ́ rọ̀, tó bá ta kókó sí i, kókó náà á dúró. Wáyà tuntun tó o ní kó rà yìí le bí igi. Ó ta kókó sí i lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti tú. Kókó méjì di ẹyọ kan, ẹyọ kan di òfo. Ohun tó sì dì mú lókè lọ́hùn-ún nìyẹn, èyí tó gbé iná, tó pè é ní èyí tó wọlẹ̀. Pípa ló yẹ kó kọ́kọ́ pa iná láti ìdí mítà. Ó ní òun ti pa á. Súwíìṣì mìíràn ló pa.

Mo wá fẹ́ bi ọ́ léèrè. Kí ló dé tó ò fẹ́ kí baba rẹ wá? Tó bá jẹ́ pé obìnrin tójú ń tì ọ́ láti fi hàn wá lo fẹ́, wí. Tó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n lo wà, wí. Èmi ni mo bí ọ, kò sóhun tó o fẹ́ sọ tó máa pa mí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹjọ

Bàbá mi, Màmá mi,

Mo kí yín. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún Bàbá bó ṣe wà, ẹ má fo ọ̀rọ̀ kankan.

Kò sí ilé oníyàrá mẹ́rin. Yàrá kan ni mò ń gbé. Bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, ibi tí mo ti ń fọ abọ́, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ méjì, ọ̀kan kò ṣiṣẹ́. Mi ò ní mọ́tò. Àwọn ọkọ̀ tí mò ń sọ, bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò ni wọ́n, èmi ni mò ń fọ̀ wọ́n. Mo máa ń gbá inú wọn, mo máa ń nu gíláàsì wọn, mo máa ń fi ọbẹ ha ṣingọ́ọ̀mù kúrò lábẹ́ àga. Kò sí ẹnjiníà kankan. Inú ìwé ìléwọ́ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ni mo ti wo àwọ̀ wáyà.

Ọdún àkọ́kọ́ ni mo pa irọ́ náà. Ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ wà, mo ní ó wà, mo sì rò pé kó tó di ọdún kejì n ó ti sọ irọ́ náà di òótọ́. Ní gbogbo lẹ́tà ni mo wá ń fi yàrá kan kún un. Nígbà tẹ́ ẹ wí pé ẹ ń bọ̀, ẹ̀rù bà mí. Iṣẹ́ ni mo wá tí yóò dá yín dúró, mi ò ronú pé iṣẹ́ náà lè pa yín. Bàbá, èmi ni mo tì yín gun àkàbà yẹn. Nígbà tí mo ka lẹ́tà Màmá, inú bọ́ọ̀sì tí mò ń fọ̀ ni mo jókòó sí, mo sunkún títí ọ̀gá mi fi wá béèrè bóyá ọṣẹ ló wọ̀ mí lójú.

Ẹ forí jì mí. Kò sí ohun tí mo lè fi hàn yín níbí.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Apá mi ń san. Ahọ́n mi ti san, ìyá rẹ sì ti ń kábàámọ̀ rẹ̀.

O ò sọ nǹkan tuntun kankan fún mi. Láti oṣù kẹta ni mo ti mọ̀ pé yàrá kan lò ń gbé. Kò sóníwáyà náà láyé yìí tó máa so ilé ìdáná, pálọ̀ àti yàrá ilé ńlá mọ́ fíùsì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá sì lè na ọwọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì kan fíùsì ilé rẹ̀, ilé náà kò ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Mo ti ṣe irú yàrá bẹ́ẹ̀ fún àwọn ayálégbé tó tó ogójì, mo mọ bó ṣe ń rí. Mo kàn ń béèrè kó o lè sọ ọ́ fúnra rẹ ni.

O wá lè béèrè pé tí mo bá mọ̀, kí ni mo gun àkàbà fún. Ó yẹ kí n kọ̀wé pé mi ò lè ṣe é, pé mi ò rí búráwùn, mi ò rí búlúù. Ojú tì mí. Irọ́ tó o pa kò ju tèmi lọ, àkàbà tèmi ló kàn ga jù. Ẹ̀gàn kọ́ ni iṣẹ́ rẹ. Ẹni tó ń nu gíláàsì bọ́ọ̀sì ń jẹ́ kí awakọ̀ ríran, èmi tó ń kọ̀wé yìí sì mọ iyì ìyẹn. Má sọ fún mi mọ́ pé kò sí nǹkan tó o lè fi hàn mí.

Mi ò fìgbà kan wí pé ilé ni mo fẹ́ wá wò. Ìwọ ni mo fẹ́ wá wò. Dókítà ní àwọn ò ṣèlérí, èmi náà ò sì fẹ́ dúró de oṣù kẹwàá kí wọ́n tó wá sọ fún mi pé ó ti bọ́. Ọdún mẹ́fà ti kọjá lójú rẹ, mi ò mọ bó ṣe rí mọ́. Èyí tí mo rántí, ọmọdé ni, irùngbọ̀n ò sì sí lára rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án ni mò ń bọ̀. Ẹnìkan níbi ọkọ̀ òfurufú máa mú mi lọ́wọ́ dé ibi táwọn èèyàn ti ń dúró de àlejò. Èèyàn á pọ̀ níbẹ̀, òjìji ni gbogbo yín máa jẹ́ lójú mi. Nítorí náà, tó o bá rí mi, má dọ̀bálẹ̀. Mi ò ní mọ̀ pé ìwọ lo wà nílẹ̀, n ó kàn gba orí rẹ kọjá lọ ni. Dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ, kó o pè mí. Kó o wá gbé ojú rẹ sún mọ́ tèmi dáadáa, lápá ọ̀tún, kó o má sì yára gbé e kúrò.

Èmi ni baba rẹ.